Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ ní Mọ́kọ́lá: mo lọ kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, owó mi ò ṣòfò

Lẹ́tà ojú ìwé kan ló gbé mi dé kíláàsì yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa aláṣọ ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tiwa ní Gbági Tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, n'Íbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, ikọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gba owó ìjọba kan náà lọ́wọ́ wa. Èyí á wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á já rìsíìtì aláwọ̀ ewé fún wa. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ìkejì á dé, á ní òun ò mọ ẹni tó já ti àkọ́kọ́. Àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí èrè ọ̀sẹ̀ wọn ò tó nǹkan, ń san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ lẹ́tà. Mo jókòó, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo fi gbogbo ọkàn mi kọ ọ́. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ nìyí: "Our members wish to evade double payment."

Ọkùnrin tó gbà á ní ọ́fíìsì kà á, ó gbójú sókè wò mí, ó tún un kà. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Ẹ ti fọwọ́ ara yín jẹ́wọ́ nìyẹn o." Mi ò mọ ohun tí mo jẹ́wọ́. Lọ́kàn tèmi, ohun tí mo sọ ni pé a ò fẹ́ san owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n kà ni pé à ń gbèrò láti fi àrékérekè sá fún owó ìjọba. Wọ́n ránṣẹ́ pe alága wa, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orí àga onígi ló jókòó sí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, kí wọ́n tó gbà pé akọ̀wé ló ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ìyá ò bá mi wí. Ó kàn dì mọ́ apá mi bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìwé atúmọ̀ kékeré kan tí mo rà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Dùgbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni mo fi kọ lẹ́tà náà. Nígbà tí mo délé, mo tún un ṣí. Níwájú "avoid", wọ́n kọ "yẹra fún, sá fún". Níwájú "evade", wọ́n kọ "yẹ̀ sílẹ̀, sá fún". Mo ti mú "evade" torí pé ó dún létí mi bí ọ̀rọ̀ ńlá, irú èyí tó yẹ lẹ́tà ọ́fíìsì. Ìwé náà ò sọ fún mi pé ibi tí wọ́n ti pàdé nínú "sá fún" yẹn náà ni wọ́n ti pínyà.

Ọmọ mi obìnrin ló bá mi rí kíláàsì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ní Mọ́kọ́lá, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta bátà, òkè ni kíláàsì wà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni wọ́n ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, láti aago márùn-ún ààbọ̀ sí méje ààbọ̀ alẹ́. Owó ìwé ọ̀tọ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Láti Gbági, takisí méjì ni mo ń wọ̀, mo ń sọ̀ ní Ìwó Róòdù kí n tó wọ ìkejì. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ti pẹ́ dé nìyẹn.

Àwa mẹ́rìnlá la bẹ̀rẹ̀, mọ́kànlá ló parí. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọlọ́pàá. Onídìrí kan wà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Manchester, tó ń múra ìdánwò ìwé àṣẹ ìrìnnà. Obìnrin kan ń ta ẹja tútù ní Bódìjà. Ọmọdékùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olùṣírò owó náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò burú, ó ní kíkọ ni wàhálà òun. Èmi ni mo dàgbà jù. Tíṣà ń pè mí ní "Mà", àwọn yòókù ń pè mí ní Mọ́mì, kò sì sẹ́ni tó fojú di mí níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pọ̀, mi ò lè ròyìn gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni mo torí ẹ̀ san owó, kódà mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni. Tíṣà wa, ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò tíì pé ogójì ọdún, wọlé, kò kọ nǹkan kan sára pátákó. Ó fa ìwé kan ya, ó fún un roboto lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ lójijì sí ọmọkùnrin ọlọ́kadà tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ náà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé lọ gbá kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Mo yẹ̀ ẹ́, sà."

"Kí lo yẹ̀?"

"Mo yẹ òkò."

Tíṣà ní ká dákẹ́, kó tún gbólóhùn méjèèjì sọ. Ó tún wọn sọ. Tíṣà wá kọ ọ́: mo yẹ̀ ẹ́, mo yẹ òkò. Ó ní ká fetí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò sí níbì kan náà. Bí orúkọ nǹkan ò bá tẹ̀ lé e, ohùn á wálẹ̀. Bí orúkọ bá tẹ̀ lé e, á gbéra díẹ̀, á dúró láàárín: yẹ òkò, yẹ ọ̀fà. Bó sì ṣe jẹ́ nínú "yẹra" náà nìyẹn, yẹ̀ àti ara tó lẹ̀ pọ̀, kéèyàn ṣí ara rẹ̀ kúrò lójú nǹkan. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Mo sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bí ìgbà márùn-ún. Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ń sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ló tó kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ohun tí ọmọkùnrin yìí fi orí ṣe ni wọ́n ń pè ní "dodge". Ara ló ń ṣe é, wéré sì ni. Nǹkan ń bọ̀ wá bá ọ, o tẹ̀, o yí, ó fò ọ́ dá. A ti sọ ọ́ di tiwa pàápàá. Ẹni tó jẹ yín lówó, tó ń bá ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lọ torí tiyín, ṣebí ẹ̀ ń sọ pé "ó ń dọ́jì mi"? Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni.

Lẹ́yìn èyí ló ní kí kálukú fi "sá fún" ṣe gbólóhùn. Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Mò ń sá fún iyọ̀ torí ẹ̀jẹ̀ ríru." Ọlọ́kadà ní, "Olè ń sá fún ọlọ́pàá." Èmi ní, "À ń sá fún ojú ọ̀nà Ìwó Róòdù nírọ̀lẹ́." Ẹnì kan ní, "Ó ń sá fún owó orí." Tíṣà kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó fa ìlà gígùn kan sáàárín pátákó. Iyọ̀ àti Ìwó Róòdù lọ sí apá òsì, olè àti owó orí lọ sí apá ọ̀tún. Ó kọ "avoid" sórí ti òsì, "evade" sórí ti ọ̀tún. Ó wá kọjú sí wa, ó ní ká sọ ohun tó pín wọn níyà.

Kò sẹ́ni tó fèsì kíákíá. Èmi ń wo ìlà yẹn, ọkàn mi ń lù kìkì, torí mo ti ń rí lẹ́tà mi níbẹ̀.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iyọ̀ ò lé ẹnikẹ́ni." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, Tíṣà sì pàtẹ́wọ́ fún un. Iyọ̀ wà nínú ike rẹ̀ jẹ́jẹ́, èèyàn ló pinnu pé òun ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwó Róòdù ò mọ̀ pé à ń bá ibòmíràn gbà. "Avoid" nìyẹn: o ò lọ síbẹ̀, o ò ṣe é, o ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Olè ní tirẹ̀, wọ́n ń wá a. Ẹni tí kò san owó orí, wọ́n ń wá a. Ohun tó ń lépa ẹ, tàbí tó lẹ́tọ̀ọ́ lára ẹ, tó o wá dá ọgbọ́n sí i kó má bàa bà ọ́, òun ni wọ́n ń pè ní "evade".

Mo béèrè pé ṣé "evade" kúkú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nígbà gbogbo. Tíṣà ní rárá, mà. Ìgalà tó já mọ́ ọdẹ lọ́wọ́ nínú igbó, "evade" ló ṣe, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ìgalà. Ẹni tó ń sá fún àwọn tó fẹ́ pa á náà, kò jẹ̀bi. Àmọ́ ọgbọ́n àti ìfarapamọ́ kì í yẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé òfin ló ń lé èèyàn, ẹni tó bá gbọ́ "evade" ti gbọ́ irọ́ mọ́ ọn nìyẹn, ìwé tí wọ́n yí, owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú nótù mi, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìfarapamọ́.

Lọ́jọ́rú, a bá orísun wọn lọ. Èyí kò gùn, àmọ́ ó ràn mí lọ́wọ́. "Evade" wá láti inú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀, tó túmọ̀ sí kéèyàn rìn jáde. Bí ẹni tó yọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. "Avoid" gba ọ̀dọ̀ Faransé àtijọ́ wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kéèyàn tú nǹkan dà kó ṣófo. Ọmọdékùnrin olùṣírò owó ní ìtumọ̀ yẹn kò tíì kú: bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá kọ pé àwọn á "avoid" ìwé àdéhùn kan, kì í ṣe pé àwọn ń sá fún un, wọ́n ń sọ ọ́ di òfo ni, bí ẹni pé kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé adójútòfò mọ́tò, kó lọ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn náà la kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sínú gbólóhùn. "Avoid" kì í fẹ́ "to" lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní "avoid to go" ti bà á jẹ́, "avoid going" ni. "Evade" kì í fẹ́ "from", ojú ẹsẹ̀ ni kó di nǹkan rẹ̀ mú: "evade the police", kò sí ohunkóhun láàárín. Wákàtí kan gbáko la fi ṣe èyí. Ó sú mi díẹ̀, àmọ́ mi ò ṣi í mọ́ láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ tí Tíṣà gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí kálukú wá ìwé kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà, kó mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì. Onídìrí mú ìwé tó wà nínú páálí oògùn wá: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n "avoid" ọtí. Ìyá ẹlẹ́ja mú abala ìwé ìròyìn. Ọmọdékùnrin olùṣírò owó ló mú èyí tó wọ̀ mí lára jù. Ó tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ àdéhùn kan jáde, èyí tí Nàìjíríà àti Ìlú Ọba tọwọ́ bọ̀ ní 1987, nítorí owó orí àwọn tí iṣẹ́ wọn kan orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ó gbé e fún mi pé kí n kà á sókè. Àkọlé rẹ̀ ní kí ni? Ó ní àdéhùn fún "the avoidance of double taxation and the prevention of fiscal evasion".

Mi ò lè kà á parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì nìyẹn, lórí ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ohun tí ìjọba méjèèjì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n má gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Ìkejì ni ohun tí wọ́n fẹ́ dí lọ́nà. Ohun tí àwa aláṣọ Gbági ń tọrọ ni ìjọba Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àdéhùn láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ìlà àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé "avoid" ni mo kọ, ọ̀rọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń lò ni mo lò. Mo sọ ìtàn lẹ́tà mi fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní kíláàsì tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà ní, "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́." Tíṣà jókòó sórí tábìlì rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìtàn méjì fún wa, kí àlà ọ̀rọ̀ méjèèjì lè hàn. Ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Duke of Westminster. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà rẹ̀, dípò kó máa san owó iṣẹ́ fún un, ó bá a ṣe ìwé àdéhùn pé òun á máa fún un ní iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òfin ìgbà náà gbà kí wọ́n yọ irú owó àdéhùn bẹ́ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò àfikún owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ olówó. Ìjọba gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1935, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dá Duke láre. Kò fi nǹkan kan pamọ́, gbogbo ìwé rẹ̀ wà ní gbangba, ó kàn to ètò owó rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìtàn kejì ni ti Al Capone ní Chicago. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ọ̀gá ọ̀daràn, àmọ́ owó orí tí kò san lórí owó tó ń wọlé fún un lòfin fi rí i mú. Ní 1931, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 fún un. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ṣe "avoid", ìkejì ṣe "evade".

Olùṣírò owó ní ká má rò pé ètò tó bá ṣáà ti wuni ló ń yege o, láti 1981 ni àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń le sí ètò tí kò ní ìdí mìíràn ju kí owó orí dín kù lọ. Ó ní tilé wa ńkọ́, ṣebí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ó kéré tán ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í sì í gba owó orí lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣe é kò sá fún ìjọba, ìjọba ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Èmi náà ní ìtàn. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ni, lọ́nà Àkánrán. Ọmọdé ni mí nígbà ìjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Owó orí ti wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, owó kòkó kò sì gbé e. Wọn ò sá. Wọ́n rìn lọ sí Màpó, wọ́n ń kọrin pé òkè mẹ́fà làwọn máa san. Òkè mẹ́fà, ọgbọ̀n ṣílè nìyẹn. Tàfá Adéoyè láti Àkánrán ló ṣáájú wọn. Mo bi Tíṣà léèrè, èwo ni àwọn bàbá wa ṣe nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí? Ó ronú síi. Ó ní kò sí nínú méjèèjì, mà. Wọn ò yẹra, wọn ò fara pamọ́. Wọ́n dúró lójú ìjọba, wọ́n ní àwọn ò san ju báyìí lọ. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn ní "refuse". Ó fa ìlà mìíràn sára pátákó, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì kọ "Àgbẹ́kọ̀yà" sábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ti kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo wo orúkọ náà lára pátákó títí wọ́n fi nù ún.

Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni "evasive". Ìdáhùn tó jẹ́ "evasive" ni èyí tí ẹni tí wọ́n bi léèrè kò purọ́, kò sì sọ òtítọ́. Ìyá ẹlẹ́ja ní ṣebí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ nìyẹn. Tíṣà ní kò sí ìtumọ̀ tó dára tó o. Mo bá a gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀ mi, nǹkan mìíràn tí kò nítumọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà lọ tí a ò lè bá a lọ ṣá: wọ́n máa ń sọ pé oorun "evade" àwọn, bí ẹni pé oorun ló ń sá. Tiwa ni pé oorun dá lójú mi. Tíṣà ní ká má túmọ̀ ìyẹn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ká mú un bó ṣe rí lọ́hùn-ún, ká sì fi tiwa sílẹ̀ bó ṣe rí níbí.

Mo ti yìn ín tó. Ó yẹ kí n sọ èyí tí kò dára, torí owó lẹ máa san.

Ooru ibẹ̀ pọ̀. Fèrèsé méjì péré ló ń ṣí. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, èéfín rẹ̀ á máa gba fèrèsé wọlé, ariwo rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ìró kan àti ìkejì. Kíláàsì tó jẹ́ pé ìró ọ̀rọ̀ ló ń kọ́ni kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní àwọn á gbé e sẹ́yìn ilé. Títí mo fi parí, ó wà níbẹ̀.

Ìwé ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn, fọ́tòkọ́pì ni. Ojú ìwé mẹ́rin nínú tèmi ò ṣeé kà, ẹ̀gbẹ́ kan ti bọ́ sóde. Ẹni tó bá ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja yẹ kó fún un ní ìwé tó ṣeé kà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ Ajé láti ọ̀sẹ̀ keje lọ, nígbà tí tíṣà kejì ń wá. Òun ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú kíláàsì òun, ẹni tó bá sọ ọ́ á san ọgọ́rùn-ún náírà. Mo mọ̀ pé àwọn ilé ìwé kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọdé, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀ náà. Àmọ́ àwa kì í ṣe ọmọdé. Ìyá ẹlẹ́ja, tó sọ̀rọ̀ jù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò la ẹnu mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin tó fún wa ní "sábẹ́ ahọ́n", ó ń jókòó bí ẹni tí wọ́n fi ìjẹ̀bi lé lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni kò wá mọ́. Mo gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí "evade" yé mi ni pé ẹnì kan kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ "yẹ̀" lẹ́nu ara mi. Mo kọ èyí sílẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n ní ká fi sọ èrò wa, mo buwọ́ lù ú, mi ò fi orúkọ mi pamọ́.

Tí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì, tíṣà ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ náà lápapọ̀, mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò, tí wọ́n sì fagi lé owó ìtanràn Yorùbá, á di mẹ́jọ.

Mo ti tún lẹ́tà náà kọ. "Our members wish to avoid double payment, they have paid once, and the receipts are attached." Mo so rìsíìtì aláwọ̀ ewé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mọ́ ọn. Kí n tó gbé e lọ, mo kà á fún alága wa nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, mo ní, "Ìyá, èyí túmọ̀ sí pé a ti san án, a ò fẹ́ san án lẹ́ẹ̀kejì, a ò sì fi nǹkan kan pamọ́." Ó ní kí n tún un kà ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún un kà. Wọ́n gbà á ní ọ́fíìsì, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, a ṣì ń retí èsì.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ilé ìtajà bátà yẹn, kó sì béèrè pé tíṣà wo ló ń kọ́ni ní Ọjọ́rú kó tó san owó. Kó jókòó sí ọwọ́ òsì, níbi fèrèsé tó kọjú sí títì, èéfín kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Kó mú abẹ̀bẹ̀ dání.